Oúnjẹ Aláboyún Tó Ní Ìtọ̀ Ṣúgà, Lọ́jọ́ Ìrọbí àti ní Ọsibítù

Bí obìnrin bá ń rọbí, gbogbo ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ ló ń fẹ́ kó jẹ nǹkan. Ìyá ọkọ á gbé mọ́ọ̀tì wá. Ọkọ á sáré lọ ra gúlúkóòsì, á pò ó mọ́ omi, kí okun má baà tán nínú ìyàwó rẹ̀. Ìfẹ́ ló mú wọn ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí aláboyún náà bá ní ìtọ̀ ṣúgà, ohun tó wà nínú ife yẹn lè ṣàkóbá fún ọmọ tí wọ́n ń retí.

Ìtọ̀ ṣúgà inú oyún ni èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí nígbà tí obìnrin wà nínú oyún. Nínú ara wa, ínsúlíìnì ló ń jẹ́ kí ara lè lo ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Bí oyún ti ń dàgbà, olóbìí, ìyẹn ibi ọmọ, máa ń tú àwọn èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá. Àwọn èròjà yìí kì í jẹ́ kí ínsúlíìnì ṣiṣẹ́ bó ti yẹ. Ara ọ̀pọ̀ ìyá á pèsè ínsúlíìnì sí i. Ara àwọn mìíràn kò ní lè pèsè tó, ṣúgà á sì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Kò sí ẹ̀bi obìnrin kankan nínú èyí, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bú yín. Láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28 ni wọ́n sábà máa ń ṣe àyẹ̀wò rẹ̀: wọ́n á fún aláboyún ní gúlúkóòsì 75 gíráàmù mu, wọ́n á sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní i ni kì í rí àmì kankan lára. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ pa ọjọ́ àyẹ̀wò náà jẹ.

Kí ló wá dé tí gúlúkóòsì fi burú lọ́jọ́ ìrọbí? Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ìyá máa ń gba inú olóbìí kọjá sọ́dọ̀ ọmọ. Ínsúlíìnì ìyá kì í kọjá. Ọmọ fúnra rẹ̀ ló máa pèsè ínsúlíìnì tí yóò fi kojú gbogbo ṣúgà tó ń wọlé sí i lára. Bí ṣúgà ìyá bá ga, ti ọmọ á ga, ínsúlíìnì ọmọ á sì pọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bí ọmọ, tí wọ́n á gé ìwọ́ rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀, ṣúgà tó ń ti ọ̀dọ̀ ìyá wá ti dáwọ́ dúró. Ínsúlíìnì inú ọmọ kò tíì dáwọ́ dúró ní tirẹ̀. Ó ń bá iṣẹ́ lọ, títí ṣúgà ọmọ á fi lọ sílẹ̀ ju bó ti yẹ. Ọmọ náà lè máa gbọ̀n. Ó lè rọ jọwọrọ, kó má lè fa ọmú. Bó bá le jù, gìrì lè mú un, ọpọlọ rẹ̀ sì lè fara gbá a. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rántí pé ìgò mọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ní ju ṣíbí tíì márùn-ún ṣúgà lọ, tí a sì ń fún obìnrin tó ń rọbí mu ní ìgò méjì, mẹ́ta.

Ebi náà kò dára. Iṣẹ́ ńlá ni ìrọbí. Bí ìyá kò bá jẹ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ọ̀rá lò, á sì rẹ̀ ẹ́. Bó bá ń lo ínsúlíìnì, ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì: á máa làágùn, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, òòyì á máa kọ́ ọ. Bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà bá fi hàn pé ṣúgà rẹ̀ kò tó 70, ìgbà yẹn gan-an ni ṣúgà di oògùn. Ṣíbí tíì mẹ́ta ṣúgà nínú omi díẹ̀ ni wọ́n máa ń fún ẹni tó bá lè mu nǹkan. Wọ́n á dúró fún ìṣẹ́jú 15, wọ́n á tún wọ̀n ọ́n. Bí wọ́n bá ti ní kó má fẹnu kan nǹkan kan, inú dírípù ni wọ́n á gbà fún un ní ṣúgà. Àwọn ẹ̀rọ kan máa ń kọ 3.9 dípò 70. Ohun kan náà ni.

Ọ̀rọ̀ jíjẹ àti àìjẹ nígbà ìrọbí yàtọ̀ láti ọsibítù kan sí òmíràn, ó sì ní ìdí. Ní ọdún 1946, dókítà kan ní New York, Curtis Mendelson, kọ̀wé nípa àwọn obìnrin tí wọ́n fi oògùn kun lóorun láti gbẹ̀bí wọn, tí oúnjẹ inú wọn sì padà sókè, tó gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ọsibítù ti ń sọ pé kí obìnrin tó ń rọbí má jẹun rárá. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kunni lóorun ti dára sí i báyìí. Ní 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n jẹ́ kí obìnrin tí ewu rẹ̀ kò pọ̀ máa jẹ, kó sì máa mu nígbà ìrọbí. Àwọn dókítà lè má ka ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà mọ́ àwọn wọ̀nyí, pàápàá bí ọmọ bá tóbi tàbí bó bá ń gba ínsúlíìnì. Nítorí náà, ẹ má dúró di ọjọ́ ìrọbí kí ẹ tó béèrè. Bí oyún bá ti pé ọ̀sẹ̀ 36, ẹ bi nọ́ọ̀sì ní kílíníìkì báyìí:

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́ mà. Bí mo bá ń rọbí, ṣé ẹ máa jẹ́ kí n jẹun? Kí ni mo lè gbé wá láti ilé? Ìgbà mélòó lẹ máa wọn ṣúgà mi? Kí ni mo máa ṣe sí oògùn mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn?"

Nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí ìbéèrè yìí. Ẹ ní kó kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú káàdì yín.

Bí wọ́n bá gbà kí ẹ jẹun, ìbẹ̀rẹ̀ ìrọbí ló dára jù láti jẹ ẹ́, kí ìnira tó le. Ẹ jẹ díẹ̀díẹ̀. Mọ́ínmọ́ín kékeré kan, ẹyin sísè, bisikíìtì tí kò dùn bíi méjì, tàbí omi ẹran tí a kò fi ata púpọ̀ sí. Bó bá di pé ìrọbí le, inú kì í tètè da oúnjẹ mọ́, pàápàá bí wọ́n bá ti gún yín ní abẹ́rẹ́ ìrora. Omi lásán àti tíì tí kò ní ṣúgà ló kù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, NICE, ìyẹn àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú níbẹ̀, ní kí wọ́n máa wọn ṣúgà ìyá ní wákàtí wákàtí títí ọmọ á fi dé, kí ó sì wà láàárín 4 sí 7, ìyẹn 72 sí 126. Bí wọn kò bá wọn tiyín, ẹ rán wọn létí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má mu àgbo kankan nígbà ìrọbí. Òmíràn lè mú kí ilé ọmọ máa sún kì ju bó ti yẹ, òmíràn sì ní oyin nínú.

Ẹni tí wọ́n bá ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún ní òfin tirẹ̀. Wákàtí mẹ́fà ṣáájú, kò gbọ́dọ̀ jẹ oúnjẹ mọ́. Wákàtí méjì ṣáájú, kò gbọ́dọ̀ mu omi mọ́, àyàfi bí dókítà bá sọ nǹkan mìíràn. Kó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe tirẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù, kí ebi má baà pa á pẹ́.

Àwọn mìíràn máa ń lo ọjọ́ púpọ̀ ní wọ́ọ̀dù kí wọ́n tó bímọ. Oúnjẹ ilé ni ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ níbẹ̀, ọ̀nà sì lè jìn. Ibi tí ewu wà nìyí: wọ́n á gún ìyá ní ínsúlíìnì ní aago méje, oúnjẹ á dé ní aago mẹ́sàn-án nítorí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọkọ̀. Kí oúnjẹ wà nílẹ̀ kí abẹ́rẹ́ tó wọlé. Ẹ tọ́jú ẹ̀pà yíyan àti ẹyin sísè sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kí òkèlè má ju ìkúùkù kan lọ, ìbáà ṣe àmàlà tàbí ẹ̀bà, kí ẹ̀fọ́ àti ẹja pọ̀ jù ú lọ. Ohun tí àwọn dókítà sábà máa ń fẹ́ ni kí ṣúgà má tó 95 kí ìyá tó jẹun àárọ̀, kí ó má sì tó 140 ní wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ. Àwọn tó ń wá kíni máa ń gbé jùsì àti bisikíìtì dídùn wá. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì kó o fún àwọn ọmọ nílé.

Bí olóbìí bá ti jáde, àwọn èròjà tó ń dí ínsúlíìnì lọ́wọ́ ti bá a lọ. Wọ́n sábà máa ń dá oògùn ìtọ̀ ṣúgà dúró lọ́jọ́ náà. Ìgbà yìí ni ìyá àgbà á gbé ọ̀gì gbígbóná dé, tó kún fún ṣúgà àti mílíìkì, kí omi ọyàn lè wá. Fífà tí ọmọ ń fa ọmú léraléra ló ń mú omi ọyàn wá; ṣúgà kọ́. Ẹ lè mu ọ̀gì náà níwọ̀nba, láìfi ṣúgà sí i, kí ẹ fi àkàrà tàbí mọ́ínmọ́ín jẹ ẹ́. Ọbẹ̀ ẹja gbígbóná náà dára púpọ̀.

Kí ọmọ mu ọmú láàárín ìṣẹ́jú 30 tí a bí i, kó sì máa mu ún ní wákàtí méjì sí mẹ́ta. Omi ọyàn àkọ́kọ́, èyí tó pọ́n tó sì ki, ni kí ẹ fún un. Ẹ má fún un ní omi gúlúkóòsì láìjẹ́ pé dókítà ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi oyin sí i lẹ́nu, ìbáà ṣe ọjọ́ ìkómọjáde, nítorí oyin lè ní kòkòrò tó ń pa ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan lára. Kí wọ́n wọn ṣúgà ọmọ láàárín wákàtí méjì sí mẹ́rin lẹ́yìn ìbí, kí ìyá àti ọmọ sì lo ó kéré tán wákàtí 24 ní ọsibítù.

Ẹni tó bá ti ní ìtọ̀ ṣúgà nínú oyún lè tún ní i lọ́jọ́ iwájú, láìlóyún. Àyẹ̀wò mìíràn wà láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 13 lẹ́yìn ìbí. Ọ̀pọ̀ ìyá kì í padà lọ ṣe é, nítorí ọmọ ti gba gbogbo àkókò wọn. Kí ẹ tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, ẹ ní kí wọ́n kọ ọjọ́ àyẹ̀wò náà sínú káàdì yín, kí ẹ sì sọ ọ́ fún ọkọ yín kí òun náà lè máa rántí.