Ìlédìí fún Ọmọ tí Ó Ní Àìlera: Bí Ẹ Ṣe Lè Rí I Lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní Owó Pọ́ọ́kú

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin ará ilé, ǹjẹ́ ọmọ kan wà lọ́dọ̀ yín tí ó ti kọjá ọdún márùn-ún, ṣùgbọ́n tí kò lè sọ pé ìtọ̀ ń gbọ̀n òun? Ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ fara pa nígbà ìbí, tàbí tí ibà pọ́njú ọmọ tuntun tàbí àrùn yírunyírun ṣe ní ìpalára, lè máa lo ìlédìí fún ọdún púpọ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ìyá rẹ̀.

Bí ọmọ ṣe ń dàgbà ni pámpásì tí ó tó o ń wọ́n sí i. Nítorí èyí, àwọn ìyá kan a máa fi omi du ọmọ kí ó má baà tọ̀ púpọ̀. Àwọn mìíràn a fi ìlédìí kan sílẹ̀ nídìí rẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ohun méjèèjì léwu. Nínú ooru ẹ̀ẹ̀rùn Òkè-Ògùn, ìgbẹ́ ọmọ tí kò mu omi tó yóò le, àrùn sì lè wọ ojú ìtọ̀ rẹ̀. Ìlédìí tí ó tutù tí ó sì pẹ́ nídìí a máa bó ọmọ lára. Ẹ má ṣe fi omi du ọmọ yín láé.

Ìwé Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Gbà

Ní Bìrìtéènì, níbi tí ọ̀pọ̀ ará wa ń gbé, NHS tí í ṣe ètò ìlera ìjọba a máa fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ìlédìí lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìn tí nọ́ọ̀sì bá ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ètò Medicaid a máa san owó rẹ̀ bí dókítà bá kọ ọ́. Ní ibi méjèèjì, ìwé ni ó ń ṣí ìlẹ̀kùn.

Ní Nàìjíríà, òfin tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara léèwọ̀, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2019, sọ pé kí ẹni tí ó ní àìlera ọpọlọ gba ìtọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Òfin adójútòfò ìlera ti ọdún 2022 sì dá àpò owó sílẹ̀ fún àwọn aláìní àti àwọn aláàbọ̀ ara. Àwọn òfin wọ̀nyí kò dárúkọ ìlédìí, ṣùgbọ́n owó tí ẹ kò bá ná sórí oògùn lè di owó ìlédìí. Nítorí náà:

1. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Kìsí, kí wọ́n kọ irú àìlera rẹ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ sí Ṣakí, Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìbàdàn, ẹ mú ìwé náà dání.

2. Ẹ mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìgbáyégbádùn ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀. Ẹ sì béèrè bóyá ọmọ yín lè wọ ètò adójútòfò ìlera Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ láìsan owó.

3. Ẹ sọ fún mọ́ṣáláṣí tàbí ìjọ yín. Sàká àti ọrẹ àánú wà fún aláìní. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

4. Ẹ̀yin ìyá méjì tàbí mẹ́ta, ẹ pa owó pọ̀ ra odidi páálí. Rírà ní ẹyọ ẹyọ a máa wọ́n jù.

Ìlédìí Aṣọ

Ìró òwú àtijọ́ tàbí tówẹ̀lì òkìrìkà dára fún un. Ẹ ká a ní ìpele mẹ́rin, kí àárín rẹ̀ nípọn jù, kí ẹ sì rán okùn mọ́ ọn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí ẹ bá rán méjìlá, àwọn kan yóò wà nínú oòrùn nígbà tí àwọn mìíràn wà nídìí ọmọ. Ẹ da ìgbẹ́ sínú ṣáláńgá, ẹ fi ọṣẹ fọ aṣọ náà, ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì sá a sínú oòrùn títí yóò fi gbẹ dáadáa. Ẹ má ṣe fi ọ̀rá wé e mọ́ ọmọ lára.

Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta, àti ní kété tí ọmọ bá ṣu. Ẹ fi omi wẹ ìdí rẹ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì fi òrí díẹ̀ pa á. Ẹ má ṣe da pọ́dà sí i. Ọmọ lè fà á símú.

Ẹ Kọ́ Ọmọ Ní Póò

Lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé e ka póò fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ di ẹ̀yìn rẹ̀ mú. Bí ó bá ṣe é, ẹ yìn ín. Ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ a máa kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, ìlédìí kan sì ni ẹ jèrè nígbà kọ̀ọ̀kan.

Bí ara ọmọ bá gbóná, tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìtọ̀ rẹ̀, tí ó bá ń sunkún bí ó bá ń tọ̀, tàbí tí egbò ìdí rẹ̀ kò bá san ní ọjọ́ mẹ́ta, ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ má ṣe fi ọmọ náà pamọ́ sí yàrá. Ọmọ tí a kò gbé jáde, kò sí òṣìṣẹ́ tí yóò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ ẹni kì í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn.