Ta Ni Yóò Dúró fún Owó Tí Ojú Kò Rí?

Kò sí òwò kan lábẹ́ ọ̀run tí kò ní àkókò kékeré kan nínú, tí ọjà ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á tí owó kò sì tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, tàbí tí owó ti jáde lápò ẹni tí ó rà á tí kò sì tíì rí ọjà gbà. Nínú àkókò kékeré yìí ni ìgbẹ́kẹ̀lé ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà sì ni olè máa ń ba sí. Àwọn baba wa mọ èyí dájú. Ní ayé owó ẹyọ, nígbà tí à ń sín ogójì ẹyọ sí okùn kan, tí ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe ẹyọ 20,000, sì tó ẹrù fún géńdé ọkùnrin, ìyá àgbà kan lè to ọsàn sí ẹ̀bá ọ̀nà oko, kí ó fi òkúta wẹ́wẹ́ lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì kọ̀ọ̀kan láti fi iye rẹ̀ hàn, kí ó sì bá tirẹ̀ lọ. Èrò ọ̀nà tí òùngbẹ ń gbẹ yóò mú ọsàn, yóò ka owó sílẹ̀, yóò sì kọjá. Àwọn kan a máa fi èyí yangàn pé ìwà rere nìkan ni ó ń ṣọ́ ọjà nígbà náà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Wọn a máa pa ààlè sí ọjà, kò sì sí ẹni tí kò mọ ohun tí ààlè lè fojú ẹni rí. Àti pé ọ̀nà oko náà, àwọn tí wọ́n mọ baba àti ìyá ara wọn ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń gbà á.

Bí òwò bá wá ju ti ọsàn lọ, a kì í fi í sílẹ̀ fún ààlè. Ẹni tí yóò yá owó ní láti mú onígbọ̀wọ́ wá, kí ó lè jẹ́ pé bí òun bá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, a ó rí ẹni tí a ó dì mú; bí ọjọ́ bá sì pé tí gbèsè kò kúrò nílẹ̀, ológò a dé, a jókòó ti ajigbèsè nínú ilé rẹ̀, a máa fi ẹnu ṣáátá rẹ̀, a máa pàṣẹ oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn ará ilé, títí ẹbí yóò fi dá owó jọ nítorí àtiráyè gbọ́ràn. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ń ru aṣọ kiri láti ìlú dé ìlú, àwọn tí gbogbo ayé mọ̀ sí Òṣómàáló, a máa ta aṣọ láwìn fún ẹni tí wọ́n mọ ilé rẹ̀, wọn a dá ọjọ́, bí ọjọ́ náà bá sì kò, wọn a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà oníbàárà lójú onílé lójú àlejò, wọn kò ní dìde àfi bí owó bá bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Kí a má sì purọ́ mọ́ ayé àtijọ́: a rí àwọn tí ń lu ìdí kóńgò wọnú kí gàrí má baà kún un, a rí àwọn tí ń bu omi mọ́ epo. Ṣùgbọ́n oníjìbìtì ìgbà náà ní ojúlé. Lẹ́yìn owó kọ̀ọ̀kan, ènìyàn kan wà tí a lè na ìka sí, tí ó gbà láti dúró fún un; èyí ni mo fẹ́ kí òǹkàwé mi fi sọ́kàn bí a ti ń lọ.

Owó òde òní kò wúwo, kò dún, ojú kò sì rí i. Nígbà tí náírà dé ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1973, a ṣì ń ka á lọ́wọ́. Lónìí, oníbàárà lè san owó àpò ìrẹsì mẹ́wàá láìfi ọwọ́ kan bébà. Báwo ni èyí ṣe ń rí bẹ́ẹ̀? Ẹni tí ń rajà yóò tẹ nọ́ńbà àkáǹtì yín, tí ó jẹ́ 10 ní iye, sínú fóònù rẹ̀, yóò tẹ iye owó, yóò sì fi nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ tí à ń pè ní PIN fọwọ́ sí i. Báńkì tirẹ̀ yóò wo ìwé ìṣirò rẹ̀ bóyá owó náà wà, yóò yọ ọ́ kúrò lábẹ́ orúkọ rẹ̀, yóò sì ránṣẹ́ gba ọwọ́ NIBSS, ilé iṣẹ́ tí àwọn báńkì ilẹ̀ Nàìjíríà àti Báńkì Àpapọ̀ jọ dá sílẹ̀ ní 1993 láti máa ṣe alárinà láàárín wọn, tí ó sì ti ń bá wọn fi owó ránṣẹ́ ní wàràǹṣeṣà láti 2011. Alárinà yìí yóò jíṣẹ́ fún báńkì tiyín. Báńkì tiyín yóò sì kọ owó náà sí abẹ́ orúkọ yín. Gbogbo ìrìn àjò yìí lè máà ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ, bẹ́ẹ̀ ni owó bébà kankan kò ṣípò padà: ìwé ìṣirò méjì ni a tún kọ. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti parí ni àtẹ̀jíṣẹ́ tí a mọ̀ sí alert ń dé. Alert kì í ṣe owó. Ìránṣẹ́ tí ń ròyìn owó ni, a sì ti rí ìránṣẹ́ tí ń jíṣẹ́ tí a kò rán an.

Ní ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn, mo dúró nígbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá kan tí ń ta ẹ̀wà, tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan rajà lọ́wọ́ rẹ̀ tí owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ọmọkùnrin náà tẹ fóònù rẹ̀, ó na ojú rẹ̀ sí ìyá náà, ó ní, “Màmá, mo ti san án o, ẹ wò ó.” Ìyá náà kò tilẹ̀ wo ibi tí ó nà sí. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró, ó tú fóònù kékeré onítẹ̀ẹ́tẹ̀ kan jáde láti etí aṣọ, ó fi awò sójú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nọ́ńbà tí báńkì rẹ̀ fún un láti máa fi béèrè iye tí ó kù nínú àkáǹtì rẹ̀.

“Kò tíì dé, ọmọ mi.”

“Màmá, àbí ẹ ò gbà mí gbọ́ ni?”

“Mo gbà ẹ́ gbọ́ o, ọmọ dáadáa ni ẹ́. Fóònù ẹ ni mi ò mọ̀.”

Àwa tí a wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ọmọkùnrin náà pẹ̀lú rẹ́rìn-ín, ó sì jókòó sórí àpótí tí wọ́n fún un. Nígbà tí ó yá owó dé. Ìyá náà ka nọ́ńbà náà ní ẹ̀ẹ̀mejì, ó bu ẹ̀wà kún ọjà rẹ̀ ní èènì, ó sì ṣàdúrà fún un. Kò sí ìjà, kò sí ìwọ̀sí. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé púpọ̀ lórí bí a ṣe lè dáàbò bo òwò orí fóònù, n kò sì tíì gbọ́ èyí tí ó ju ohun tí ìyá ẹlẹ́wà yìí ṣe lọ: ó lọ sí ìwé ìṣirò tirẹ̀, ní báńkì tirẹ̀, láti orí fóònù tirẹ̀.

Ìdí tí ó fi ṣe dáadáa ni èyí. Àwòrán ìwé-ẹ̀rí tí oníbàárà ń fi hàn yín, ẹni tí ó bá mọwọ́ ẹ̀rọ lè yí orúkọ àti iye inú rẹ̀ padà kí ẹ tó ṣẹ́jú. Èyí tí ó tilẹ̀ le jù ni ti àtẹ̀jíṣẹ́ tí ó wọlé sórí fóònù ẹ̀yin gan-an. Ẹni tí ń fi irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ lè fi orúkọ tí ó bá wù ú sí ipò nọ́ńbà rẹ̀; bí gbájúẹ̀ bá sì fi orúkọ báńkì yín síbẹ̀, fóònù, tí kò mọ ju orúkọ lọ, yóò to ọ̀rọ̀ èké náà mọ́ ara àwọn ojúlówó tí báńkì ti ń fi ránṣẹ́ sí yín bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wò ó yóò rò pé ọ̀dọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ti wá. Iye tí ó kù nínú àkáǹtì yín, tí báńkì fúnra rẹ̀ sọ fún yín nígbà tí ẹ̀yin béèrè, ni gbájúẹ̀ kò lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ lásán yí padà.

Ọ̀pọ̀ nínú wa kò fi ìfẹ́ inú kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ní ọjọ́ 26 oṣù Ọ̀wàrà 2022 ni Báńkì Àpapọ̀ kéde pé òun yóò pààrọ̀ owó bébà 200, 500 àti 1,000 náírà. Wọ́n ní èyí tí ó wà nílẹ̀ yóò kú ní ọjọ́ 31 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2023, wọ́n tún sún un sí ọjọ́ 10 oṣù Èrèlé. Owó àtijọ́ wọ báńkì, owó tuntun kò jáde tó. Àwọn ènìyàn sùn sí ẹnu ẹ̀rọ ATM. Àwọn tí ń ṣe POS lẹ́bàá títì bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ta owó. Ní Ìbàdàn àti ní Abẹ́òkúta, inú bí àwọn ènìyàn títí wọ́n fi ya sí ìgboro. Ní ọjọ́ 3 oṣù Ẹrẹ́nà ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé kí a ṣì máa ná owó àtijọ́ títí di ìparí ọdún náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ti pa ti mọ̀ ọ́n lára. Láàárín ìgbà náà, aláta tí kò gba ohunkóhun rí bí kò ṣe owó ọwọ́ kọ nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ sára páálí, ó sì gbé e kọ́ síwájú àtẹ. Èrò pọ̀ lórí ẹ̀rọ àwọn báńkì kọjá agbára wọn, owó ń kúrò ní ibì kan láìdé ibi kejì, nígbà mìíràn fún ọjọ́ púpọ̀. Ohun tí mo ṣàkíyèsí nínú wàhálà náà, tí mo sì rò pé ó yẹ kí a kọ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wa, ni pé nígbà tí ẹ̀rọ kọṣẹ́, àwọn ọlọ́jà padà sí ọ̀nà àwọn Òṣómàáló: ẹni tí wọ́n mọ̀, wọ́n ní kí ó máa gbé ọjà lọ, yóò san án bí owó bá wọlé; ẹni tí wọn kò mọ̀ jókòó ti ẹrù rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Àwọn kan ń wí pé ènìyàn ni ó ń purọ́, ẹ̀rọ kì í purọ́. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń bójú tó àwọn ilé ìfìwéránṣẹ́ kéékèèké ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti 1999 ni iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ibẹ̀ ti ń lo ètò kọ̀ǹpútà kan tí ń jẹ́ Horizon, tí iléeṣẹ́ Fujitsu ń bójú tó, fún ìṣirò owó. Ètò náà lábùkù. Ní ìrọ̀lẹ́, alábòójútó a ka owó tí ó wà nílẹ̀, a tún un kà, iye tí ẹ̀rọ ní ó yẹ kí ó wà a sì ju èyí tí ó wà lọ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mú kọ́bọ̀. Ẹ̀rọ ni àwọn ọ̀gá gbà gbọ́, ẹ̀rọ ni ilé ẹjọ́ gbà gbọ́. Láti 1999 sí 2015, àwọn tí a dá lẹ́bi lé ní 900; a rí ẹni tí ó ṣẹ̀wọ̀n, a rí ẹni tí ó ta ilé láti fi san gbèsè tí kò jẹ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a sì ń sọ fún pé òun nìkan ṣoṣo ni irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí. Alan Bates, tí òun náà ti jẹ́ alábòójútó rí, kó àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn jọ lọ sí ilé ẹjọ́. Ní 2019 ni adájọ́ sọ pé àṣìṣe wà nínú ètò náà lóòótọ́, ó sì di 2024 kí ilé aṣòfin tó ṣe òfin tí ó wọ́gi lé ẹ̀bi náà lápapọ̀. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ náà ti rí: àwọn tí wọ́n ni ẹ̀rọ sá sẹ́yìn rẹ̀, kò sí onígbọ̀wọ́ tí yóò jáde, àwọn tí kò lágbára ni a sì fi sílẹ̀ láti dúró fún owó tí kò sọnù.

Nítorí náà ni n kì í fi bẹ́ẹ̀ béèrè, bí wọ́n bá mú ọ̀nà òwò tuntun kan dé, bóyá ó yára tàbí bóyá ó rọrùn. Mo máa ń béèrè ẹni tí yóò dúró. Ẹni tí ń ta bàtà lórí Facebook, tí ó ní kí ẹ kọ́kọ́ san gbogbo owó, ṣé ó ní ṣọ́ọ̀bù tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn dé? Ṣé orúkọ tí ó jáde nígbà tí ẹ tẹ nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ bá orúkọ tí ó pe ara rẹ̀ mu? Ẹni tí ó pè yín pé òun ni báńkì, tí ó mọ orúkọ yín àti ti ìyá yín, tí ó wá ń béèrè PIN tàbí nọ́ńbà tí báńkì ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, báńkì kò rán an, nítorí báńkì kì í béèrè èyí lọ́wọ́ oníbàárà. Ohùn pàápàá kò tó ẹ̀rí mọ́: ẹ̀rọ ti wà báyìí tí ó lè sín ohùn ọmọ yín jẹ lẹ́yìn tí ó bá ti gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ọmọ bá pè lójijì láti orí nọ́ńbà àjèjì pé òun fẹ́ owó, kí ẹ gé ìpè náà, kí ẹ sì pe nọ́ńbà tirẹ̀ tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ó ku ti owó tí ó kúrò lọ́dọ̀ ẹni tí kò sì dé ibi tí a rán an. Báńkì ẹni tí ó fi owó ránṣẹ́ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́, nítorí òun ni ó yọ owó. Kì í ṣe orí ọlọ́jà ni a ó ti máa pariwo. Lórí ìwé-ẹ̀rí tí ó jáde sórí fóònù, ẹ óò rí nọ́ńbà gígùn kan tí wọ́n ń pè ní session ID. Nọ́ńbà yìí ni báńkì méjèèjì yóò fi tọpa owó náà títí wọn yóò fi mọ ibi tí ó há sí. Ẹ dà á kọ sínú ìwé, ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí tì í, kí ẹ sì gba orúkọ òṣìṣẹ́ tí ó gbọ́ ẹjọ́ yín kí ẹ tó dìde níwájú tábìlì rẹ̀.