Ẹ Yẹ Ìtọ̀ Aláìsàn Wò

Ẹ̀yin dókítà iṣẹ́ abẹ tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn wa, inú bí mi níbi ìpàdé kan láìpẹ́ yìí. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ọ̀dọ́ kan tó yọ odindi kíndìnrín nítorí kókó jẹjẹrẹ tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ yá. Mo béèrè pé kí ni àyẹ̀wò ìtọ̀ aláìsàn náà sọ kí wọ́n tó gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Wọn ò yẹ̀ ẹ́ wò rárá.

Bí a ṣe ń gé kókó nìkan, bí a ṣe ń dí iṣan ẹ̀jẹ̀ tí a sì ń tètè tú u sílẹ̀, gbogbo ìyẹn ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ìtọ̀ ni mo ń wí. Creatinine inú ẹ̀jẹ̀ ni ẹ máa ń wò. Bó bá ti dára lórí ìwé, ọkàn yín balẹ̀. Ó ń tàn yín jẹ ni! Nínú ìwádìí kan láti New York tó jáde ní 2006, creatinine gbogbo àwọn aláìsàn náà ló dára, kókó wọn ò ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ, síbẹ̀ 26 nínú 100 wọn ni iṣẹ́ kíndìnrín wọn ti lọ sílẹ̀ kí abẹ tó kàn wọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí sì kan àwa gan-an. Láti 2010 ni a ti mọ̀ pé irúfẹ́ àbùdá APOL1 tó ń ṣílẹ̀kùn àìsàn kíndìnrín wọ́pọ̀ láàárín àwa Yorùbá. Ẹ wá fi ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ kún un.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í rán nọ́ọ̀sì. Fúnra wọn ni wọ́n ń ti bébà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú ìtọ̀, wọ́n á gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, wọ́n á máa wo bí àwọ̀ ìyeyè orí rẹ̀ ṣe ń yí di àwọ̀ ewé. Bó bá ti yí, purotéènì ti ń jò nìyẹn, wọ́n á ní ká jókòó tún ọ̀rọ̀ náà rò: ṣé dandan ni ká yọ odindi? Àárò wọn máa ń sọ mí nígbàkigbà tí mo bá ṣí fáìlì tí kò sí èsì ìtọ̀ nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ńkọ́? Ibẹ̀ ló burú sí jù. Ẹ tú okùn ojú ọgbẹ́, ẹ kí aláìsàn kú oríire, ó di gbére. Ta ló sọ fún un pé kó jìnnà sí diclofenac àti àgbo? Ta ló ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀? Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kó lọ láìfún un ní ọjọ́ tí yóò padà wá. Ẹ yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún.