Báńkì Oníṣòwò: Ti Ta Ni?

Lédè Gẹ̀ẹ́sì, òwò ni orúkọ commercial bank àti merchant bank ń tọ́ka sí. Ìdí nìyẹn tí ògbufọ̀ tó bá ń kánjú fi ń pe méjèèjì ní "báńkì oníṣòwò". Àṣìṣe ni.

Bí ìyá tó ń ta ìrẹsì, ṣúgà àti fúláwà lápò-lápò ní ọjà Singer, ní Sábọ̀n Gàrí, Kánò, bá gbọ́ "báńkì oníṣòwò", tirẹ̀ ni yóò pè é. Ó kúkú jàre. Ṣùgbọ́n bó bá di owó ọjà lọ sí merchant bank, wọ́n á dá a padà: ìlànà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé kalẹ̀ lọ́dún 2010 ní irú báńkì bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ gba owó tí kò tó mílíọ̀nù 100 náírà pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó bá ìjọba àti iléeṣẹ́ ńlá wá owó, kó bá wọn ta ìpín ìdókòwò, kó sì gbà wọ́n nímọ̀ràn.

Ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Láti ọdún 2001, ìjọba gba báńkì láyè láti kó gbogbo iṣẹ́ pọ̀ sábẹ́ òrùlé kan: ìfowópamọ́, títa ìpín ìdókòwò, títí kan iṣẹ́ adójútòfò. Àwọn báńkì wá ń yá àwọn tó ń ra ìpín lówó. Nígbà tí ọjà ìpín dẹnu kọlẹ̀ lọ́dún 2008, gbèsè há sí wọn lọ́fun. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2009, Sanusi Lamido Sanusi, ọmọ Kánò tó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà, yọ ọ̀gá báńkì márùn-ún nípò. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún 2010, àṣẹ tuntun múlẹ̀: kí báńkì ta àwọn òwò tí kì í ṣe ti báńkì, tàbí kó yà wọ́n sọ́tọ̀ sábẹ́ iléeṣẹ́ ìyá. Amẹ́ríkà ti ṣe irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1933, kí wọ́n tó tú u lọ́dún 1999.

Yorùbá ti ya ìfowópamọ́ àti ìdókòwò sọ́tọ̀ ní tiwa. Owó tí a fi pamọ́, a lè béèrè rẹ̀ padà. Ohun tó ń mú wá ni èlé, tí a ti jọ fẹnu kò lé lórí. Owó tí a fi dókòwò ti wọnú òwò; ó lè mú èrè wá, ó sì lè mú àdánù. Alájọ tó bá kó owó àjọ ra ọjà, kò sẹ́ni tí yóò kí i pé ó dókòwò. Wọ́n á ní ó kówó jẹ ni.

Nítorí náà:

"Mo gba èlé lórí ìpín mi" kò tọ̀nà. Èrè ni.

"Mo dókòwò sínú àkáǹtì ìfowópamọ́ mi" kò tọ̀nà. Ẹ fi owó pamọ́ ni.

"Dá ìdókòwò" jẹ́ àsọtúnsọ, nítorí "dá" ti wà nínú rẹ̀. "Dókòwò" ti tó.

Kí commercial bank máa jẹ́ ilé ìfowópamọ́, kí merchant bank jẹ́ báńkì ìdókòwò, kí a sì fi "oníṣòwò" sílẹ̀ fún ará Singer. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ ní kí ilé ìfowópamọ́ tó ń ṣiṣẹ́ káàkiri Nàìjíríà ní bílíọ̀nù 200 náírà gẹ́gẹ́ bí owó ìpìlẹ̀, kí báńkì ìdókòwò ní bílíọ̀nù 50. Bí a bá pe méjèèjì ní "báńkì oníṣòwò", èwo nínú iye méjèèjì ni olùgbọ́ fẹ́ mú?