‘Butt in’ àti Jíjá Lu Ọ̀rọ̀

Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí ‘butt in’, ìdí ni mo rò pé ‘butt’ ń tọ́ka sí. Irọ́ ni, orí ni, bí àgbò ti ń kàn ènìyàn. Ní nǹkan bí ọdún 1900 ni àwọn ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún ẹni tí ó já lu ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀.

Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ní Ìkirè, oníbàárà kan ń bá ìyá àgbà mi ná dòdò. Mo ní, “Ìyá, ẹ ṣáà tà á dín sí iye yìí lánàá!” Oníbàárà bínú, ó lọ. Ìyá àgbà ní, “Ta ni ó pè ọ́ sí i?”

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má túmọ̀ rẹ̀ sí ‘sọ̀rọ̀’ lásán: àbùkù wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Òyìnbó fi ń sọ pé ‘Sorry to butt in’, bí àwa náà ti ń tọrọ gáfárà kí a tó dá sí ọ̀rọ̀ àgbà.