Ọ̀kan nínú mẹ́rin

*Ìyá wa, Ìsíkàn ní Àkúrẹ́ ni mò ń gbé. AS ni jẹnótáìpù mi, AS ni ti ọkọ mi, SS ni ti àkọ́bí wa. Ìyá ọkọ mi gbọ́ nílé ìwòsàn pé ọ̀kan nínú mẹ́rin ló máa ń jẹ́ SS. Wọ́n ní ọ̀kan náà ti jáde, kí n máa bí mẹ́ta tó kù lọ. Oyún mi ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ṣé òótọ́ ni? – Ìyá Ọmọ Kan*

Kò rí bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Ìyá ọkọ rẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ìṣirò rẹ̀ ni wọ́n ṣì.

A kan àti S kan ló wà lára rẹ, bẹ́ẹ̀ náà ló wà lára ọkọ rẹ. Ẹyọ kan péré ni ẹnì kọ̀ọ̀kan yín ń fún ọmọ. A pàdé A, AA nìyẹn. A tìrẹ pàdé S tirẹ̀, tàbí S tìrẹ pàdé A tirẹ̀, AS ni. S pàdé S, SS dé. Nínú ọ̀nà mẹ́rin yìí, ọ̀kan ló mú àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde wá, ṣùgbọ́n oyún kọ̀ọ̀kan ló ń bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Owó ẹyọ tí a dà lánàá kì í rántí bó ṣe dojú dé. A ti rí AS méjì tó bí mẹ́rin láìsí SS kankan, a sì ti rí àwọn tó bí méjì, tí méjèèjì jẹ́ SS.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ìwọ lo gbé fòníkú-fọ̀ladìde wọlé. S kan ti ọ̀dọ̀ rẹ wá, èkejì ti ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS (mẹ́rin mìíràn nìyẹn o!), torí pé AS máa ń gba ọmọdé lọ́wọ́ ibà tó le.

Àsìkò ṣì wà. Láti bí ọ̀sẹ̀ kọkànlá, dókítà lè mú díẹ̀ lára ibi ọmọ láti mọ jẹnótáìpù ọmọ inú. Wọ́n ń ṣe é ní Sickle Cell Foundation, Ìdí-Àràbà, l'Ékòó. Ó ní ewu díẹ̀ fún oyún, nítorí náà kí ìwọ àti ọkọ rẹ kọ́kọ́ jókòó ti dókítà yín. Bí ẹ ò bá fẹ́ ẹ, kò burú. Ẹ ṣáà yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò ní kété tí ẹ bá bí i. Ẹ má dúró títí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi wú.

Àkọ́bí rẹ ńkọ́? Omi púpọ̀, fólíìkì lójoojúmọ́, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn lálẹ́. Tí ara rẹ̀ bá gbóná, má dúró ti àgbo. Ọjọ́ náà gan-an ni kó o gbé e lọ sílé ìwòsàn.