Ínfátà Kò Jẹ̀bi: Bí A Ṣe Ń Ra Mọ́tímítà Olówó Àárín

ÌBÉÈRÈ

Ẹnjiníà, olùkọ́ fisíìsì tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ọbáńtokó ni mo ń gbé, l'Abẹ́òkúta níbí. Mo máa ń fi títún rẹdíò àtijọ́ ṣe najú, èmi náà ni mo sì ń bójú tó iná ilé mi. Mọ́tímítà kékeré aláwọ̀ ìyeyè tí gbogbo ayé ń rà ni mò ń lò. Bí NEPA bá mú iná wá, 221 ló ń kà. Bí mo bá bọ́ sórí ínfátà, ó di 182. Ẹni tó wá wò ó ní bọ́ọ̀dù inú ínfátà ti ń kú lọ, kí n tètè ra òmíràn. Àmọ́ ọmọ aládùúgbò mi gbé mọ́tímítà tirẹ̀ wá, 229 ló kà lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà. Èwo ni kí n gbà gbọ́? Bí mo bá sì fẹ́ ra èyí tó dáa, tí kì í ṣe olówó gọbọi, kí ni kí n máa wò lára rẹ̀?
Bàbá Olùkọ́, Ọbáńtokó

ÌDÁHÙN

Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó náwó. Àìtètè mólè, olè ń mólóko: ínfátà yín kò ṣe nǹkan kan, mọ́tímítà tó ń fẹ̀sùn kàn án gan-an ló jẹ̀bi. Ẹ wò ó ná, ṣé fáànù yín máa ń kùn bó bá wà lórí ínfátà, tó sì máa ń dákẹ́ bí NEPA bá dé? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, a ti mú olè.

Iná NEPA ń gòkè, ó ń sọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìgbì, nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọ̀pọ̀ ínfátà tí owó wọn kò pọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tiwọn a fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, a dúró díẹ̀, a já wá sí òdo, a tún fò sísàlẹ̀. Mọ́tímítà tí kò wọ́nwó kì í wọn agbára iná yìí fúnra rẹ̀. Ìpíndọ́gba ló ń mú, á sì sọ ọ́ di ìlọ́po 1.11, nọ́ńbà tó bá iná oníwẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nìkan mu. Ẹ̀yin olùkọ́ fisíìsì á bá mi ṣírò rẹ̀: bí iná ínfátà bá ń dé 325 fọ́ọ̀tì ní góńgó, tó ń lo ìdajì àsìkò rẹ̀ níbẹ̀ àti ìdajì yòókù ní òdo, agbára rẹ̀ gidi jẹ́ 230. Ṣùgbọ́n ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 162.5. Ẹ fi 1.11 sọ ọ́ di púpọ̀, 180 ni ẹ ó bá níbẹ̀. Ibi tí 182 yín ti wá nìyẹn. Ti ọmọ aládùúgbò yín ni kí ẹ gbà gbọ́. Ẹ yẹ ojú mọ́tímítà rẹ̀ wò, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí True RMS níbẹ̀, ìyẹn ni pé agbára iná gidi ló ń wọn. Ní ilé tó ní ínfátà, ẹ má ra èyí tí wọn kò kọ ọ̀rọ̀ yẹn sí.

Ṣùgbọ́n True RMS kọ́ ló yẹ kí owó yín kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Ààbò ni. Ẹ wo ihò 10A lára ti ọwọ́ yín yẹn: lára ọ̀pọ̀ irú rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé kò ní fíúsì. Ká ní ẹ ti fi wáyà pupa sí ihò yẹn láti wọn bí iná ṣe ń ṣàn, ẹ gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, ẹ wá ki ẹnu wáyà méjèèjì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Mọ́tímítà náà ti di wáyà lásán tó so láìfù pọ̀ mọ́ níútírà. Ọwọ́ yín ni yóò ti bú gbàmù. Èyí tó dáa máa ń ní fíúsì alámọ̀ tí wọ́n kó iyanrìn sí nínú. Iyanrìn yẹn ló ń pa iná kí ó tó fò kọjá. Bí ẹ bá ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, tí ẹ rí fíúsì onígíláàsì tín-ín-rín, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.

Ẹ tún wá CAT lára rẹ̀. Àwùjọ tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún irinṣẹ́ iná lágbàáyé ló pín in sípele nínú ìwé ìlànà IEC 61010. CAT II wà fún ohun tí a ń ki bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. CAT III wà fún wáyà inú ògiri, ṣẹ́ńjọ́fà, àti ibi tí àwọn bírékà wà. CAT IV ni ti ibi tí wáyà ti wọlé láti orí òpó. Ní àkókò òjò, nígbà tí àrá ń sán lórí òkè àti àpáta ilẹ̀ Ẹ̀gbá yìí, iná lè fò lójijì lójú wáyà ju 230 lọ fíìfíì. Ìfò yẹn ni CAT ń dáàbò bò yín lọ́wọ́ rẹ̀. Fún ilé, CAT III 600V ni kí ẹ béèrè.

Ọ̀rọ̀ bátìrì ló kàn. Bí ẹ bá gbé ẹrù 600 wáàtì lé ínfátà oníbátìrì méjì, 24 fọ́ọ̀tì, áńpù tó ń jáde lára bátìrì ju 25 lọ. Ihò 10A kò lè gbé e. Kíláǹpù ni ẹ nílò, èyí tí ẹnu rẹ̀ ń gbá wáyà mú láì gé e. Ẹ ṣọ́ra o: ọ̀pọ̀ kíláǹpù kì í ka iná bátìrì àti ti sólà, iná NEPA nìkan ni wọ́n mọ̀. Ẹ rí i pé DC wà lára ibi tí wọ́n ti ń ka áńpù.

Iye nọ́ńbà tí ojú rẹ̀ lè gbé náà ṣe pàtàkì. Èyí tó ń ka dé 2000 á fi 12.70 hàn yín lórí bátìrì kan, ṣùgbọ́n bí ẹ bá so méjì pọ̀, 25.4 ló máa wí. Oní-6000 á wí 25.41. Bátìrì olómi tó kún, tó sì ti sinmi fún wákàtí mélòó kan, sábà máa ń wà ní 12.7. Bó bá wà ní 12.2, ó ti tó ìdajì. Ẹ máa wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Bí ọ̀kan bá ń rẹlẹ̀ ju èkejì lọ nígbà gbogbo, òun ló ń fa ìyókù sẹ́yìn.

Ibi tí wọ́n ti ń wọn kapásítọ̀ wúlò gan-an fún fáànù tó ń yí bí aláìsàn. Bí wọ́n bá kọ 2.5 sí i lára, tó wá ń ka 1.6, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tú iná inú rẹ̀ dànù kí ẹ tó wọ̀n ọ́n.

Ẹ má sì jẹ́ kí fọ́ọ̀tì òfegè dẹ́rù bà yín. Wáyà tí ẹ ti já, tó bá èyí tí iná wà lára rẹ̀ rìn nínú páìpù kan náà, lè ka 70 tàbí 90 lórí mọ́tímítà òde òní, nítorí pé irinṣẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má fa iná kankan. Avometer tó ṣeé ṣe kí ẹ ti lò nílé ìwé, èyí tó jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1923, máa ń fa iná díẹ̀ kí abẹ́rẹ́ rẹ̀ tó sún, ìdí nìyẹn tí òfegè kì í fi í tàn án. Ẹni tó bá fẹ́ irú rẹ̀ lóde òní, kó wá èyí tí wọ́n kọ LoZ sí lára.

Ní ti orúkọ: UNI-T UT139C ní True RMS, ó ń ka dé 6000, ó sì jẹ́ CAT III 600V. Òun ni mo fẹ́ fún ẹnikẹ́ni tó ń tún rẹdíò ṣe tó sì ní ínfátà. UNI-T UT210E ni kíláǹpù kékeré tó ń ka áńpù DC dé 100, ó sì ní True RMS, àmọ́ CAT III 300V ni, nítorí náà ẹ fi mọ sí ara bátìrì, sólà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì. Fluke 101 lágbára, ààbò rẹ̀ dájú, ṣùgbọ́n kò ní True RMS, kì í sì í ka áńpù. Yóò pa irọ́ kan náà fún yín lórí ínfátà yẹn. Fluke 117 ní True RMS àti LoZ, owó rẹ̀ ló kọjá ohun tí ẹ ń wá.

Yálà Pánṣẹ́kẹ̀ ni ẹ ti rà á o, tàbí Alaba l'Ékòó, ẹ dán an wò níwájú ẹni tó ń tà á. Ẹ yí i sí ibi tó ti ń dún, kí ẹ fi ẹnu wáyà méjèèjì kan ara wọn: ó gbọ́dọ̀ pariwo lójú ẹsẹ̀, kó má fi falẹ̀. Ẹ wọn bátìrì rẹdíò tuntun kan, 1.5 sí 1.6 ni kó kà. Ẹ ní kó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ rí fíúsì. Ẹ tẹ ẹnu wáyà rẹ̀ wò. Bó bá ń fì, ẹ béèrè òmíràn.

Bí ẹ bá gbé e délé, ìlànà kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má fi ṣeré. Kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà tí ẹ gbà pé kò níná, ẹ wọn sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹ mọ̀ pé iná wà níbẹ̀. Ẹ wá wọn wáyà ọ̀hún. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹ tún un wọ̀n, nítorí pé mọ́tímítà tó kú láàárín náà á ka òdo. Ohun tó bá wà láàárín òpó àti ibi tí àwọn bírékà wà, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ní ìwé-àṣẹ NEMSA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó iṣẹ́ iná, bó ti wù kí mọ́tímítà yín dáa tó.